Ohun Tó Ń Lù Kìkì Nínú Ikùn Bàbá Àgbà

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ń ro bàbá bàbá mi. Gbogbo ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ń fún wọn lágbo. Nígbà tá a dé ọsibítù, dókítà fọwọ́ tẹ ikùn wọn, ó ní nǹkan kan ń lù kìkì níbẹ̀. Wọ́n ṣe skáànù. Egungun ló ń fa ẹ̀yìn ríro yẹn, ìyẹn ò le. Ohun tá ò wá la rí: aneurysm.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Aorta ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ lára wa. Ó ti inú ọkàn jáde, ó gba àyà lọ sí ikùn. Bí ògiri rẹ̀ bá rọ̀ níbì kan, ipá ẹ̀jẹ̀ á máa tì í, á wú bíi táyà tó yọ gẹ̀gẹ̀. Nínú ikùn, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Tó bá ti di 3, aneurysm ni.

Kí ló ń fà á? Sìgá ni olórí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ ogbó àti ìdílé náà wà níbẹ̀. Ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Àmì ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ nǹkan kan lára títí táá fi bẹ́. Tó bá bẹ́, ikùn tàbí ẹ̀yìn á ro wọ́n gan-an lójijì, òógùn tútù á bò wọ́n, wọ́n lè dákú. Ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe àgbo.

Albert Einstein tá à ń gbọ́ nínú fisíìsì ní in. Lọ́dún 1948, Dókítà Rudolph Nissen ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó fi ọ̀rá cellophane wé ibi tó wú. Ó lò ju ọdún 6 lọ sí i. Nígbà tó bẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1955, ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Ọmọ ọdún 76 ni nígbà tó kú.

Ti Bàbá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tó 5.5 kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin. Dókítà ní kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, kí wọ́n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n sì máa ṣe skáànù lọ́dọọdún. Skáànù náà kì í dunni rárá. Bí àgbàlagbà ilé yín bá ti mu sìgá rí, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ ṣe é.

Èmi gan-an ni Bàbá máa ń rán lọ ra sìgá láti kékeré. Ní báyìí, tí wọ́n bá na owó sí mi, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè lọ." Wọ́n máa ń bínú. Ó sàn kí wọ́n bínú sí mi ju ká máa sunkún wọn lọ.