Má Fi Owó Tó Ti Lórúkọ Ra Góòlù Àkọ́kọ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ. Nígbà òtútù tó kọjá ní Chicago níbí, bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ máa ń wo họ́kì orí yìnyín ní alaalẹ́, èmi náà sì ń bá wọn jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lórí fóònù pé èèyàn lè fowó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹ góòlù. Dọ́là 5 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù tó parí, dọ́là 240 ti lọ, owó àjọ tó yẹ kí n dá sì ni. Ojú tì mí gan-an níwájú ìyá alájọ. N kò fẹ́ kó ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń là á fún ọ.

Mọ ohun tí ò ń rà

Ọjà àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kalshi àti Polymarket ló gbajúmọ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá 2025, NHL, líìgì họ́kì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Ká ní wọ́n ń ta orúkọ eléré kan ní sẹ́ǹtì 12. Tó bá jẹ góòlù àkọ́kọ́, wọ́n á san dọ́là 1 fún ọ. Bí ẹlòmíràn bá ṣíwájú rẹ̀, sẹ́ǹtì 12 rẹ ti wọmi. Ohun tí iye yẹn ń sọ ni pé àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà 12 nínú 100. Bí a ṣe ń ná tòmátì lọ́jà ni wọ́n ṣe ná an débẹ̀, ó sì lè wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Owó iṣẹ́ tí oníléeṣẹ́ máa ń yọ tún wà níbẹ̀.

Má jẹ́ kí orúkọ dídùn fà ọ́

Orí ọmọ Yorùbá wo ni kì í wú tó bá gbọ́ orúkọ eléré họ́kì nì, Jarome Iginla? Igi ńlá ni, láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló ti jogún orúkọ náà. Ní 2020 ni wọ́n yàn án sínú Hockey Hall of Fame. Góòlù 625 ló jẹ nínú ìdíje 1,554 ní NHL, láìka ti ìkángun sáà. Ṣírò rẹ̀: góòlù 4 nínú ìdíje 10 ni. Igi ńlá náà, ó ju ìdajì ìdíje rẹ̀ lọ tí kò fi jẹ góòlù kankan! Bí góòlù inú ìdíje kan bá sì tó bíi 6 lápapọ̀, bó ṣe sábà ń rí lóde òní, àǹfààní irú eléré bẹ́ẹ̀ láti ṣíwájú gbogbo wọn kò ju bíi 7 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá rà á ní sẹ́ǹtì 12 ti san owó ìfẹ́ lé e. Eléré 18 ni tíìmù kọ̀ọ̀kan ń kó wá yàtọ̀ sí àwọn aṣọ́lé, rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá sì lè ta bá bàtà ẹni tí a kò retí, kó wọnú àwọ̀n.

Sọ owó rẹ lórúkọ kó o tó ṣí fóònù

Owó ilé, owó àjọ, owó oògùn Màmá, owó iléèwé ọmọ: gbogbo wọn ti lórúkọ. Má fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wọn ni owó fàájì. Bó bá jẹ́ dọ́là 10 lóṣù, yà á sọ́tọ̀, kó o sì kà á sí owó tó ti tán, bí owó gúgúrú.

Má lé owó tó ti lọ

Ibí yìí ni mo ti ṣubú. Ìpele mẹ́ta, oníṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, ni ìdíje họ́kì. Góòlù àkọ́kọ́ lè wọlé kí ìṣẹ́jú 2 tó pé. Owó ti lọ nìyẹn, alẹ́ ṣì gùn, fóònù ṣì wà lọ́wọ́, ìdíje mìíràn sì ń bọ̀. Tíìmù 32 ló wà ní NHL, ìdíje tíìmù kọ̀ọ̀kan sì lé ní 80 nínú sáà kan. Kò ní tán. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Gbé fóònù sí yàrá kejì kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Má fi pa mọ́

Àjọ ìjọba àpapọ̀ CFTC ló ń bójú tó irú ọjà yìí, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé tẹ́tẹ́ ni. Orúkọ yòówù kó jẹ́, bákan náà ló ń dun àpò. Àmì tí mo rí lára ara mi ni pé mo ti ń da fóònù dojú bolẹ̀ bí ọkọ mi bá wọlé. Bó o bá rí i lára rẹ, sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì ti kọjá agbára rẹ, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ 1-800-GAMBLER wà ní Amẹ́ríkà níbí.

Oṣù mẹ́ta ló gbà mí kí n tó dá àjọ yẹn pé. A ṣì ń wo họ́kì nílé wa. Kálukú á dárúkọ eléré kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ jẹ góòlù kò ní fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wá lọ́jọ́ Sátidé, mú orúkọ tìrẹ dání. Mo máa se ẹ̀fọ́ rírò, abọ́ á sì pọ̀ nílẹ̀.