Ọkàn Olùbẹ̀rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Márùn-ún Láti Inú Eré Gọ́ọ̀fù



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn á ní, kí ni ó pa ilé-kéwú pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀fù, eré àwọn olówó? Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹni tí ń gbé ní Apákun mọ̀ pé Ìkẹjà kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni pápá Ikeja Golf Club wà. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń lọ sí irú pápá bẹ́ẹ̀ láti ru àpò ọ̀pá fún àwọn tí ń gbá a. Kádì ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ ọdún 17, wà lára wọn. Ó ti ru àpò pẹ́ kí ọ̀gá kan tó fún un ní ògbólógbòó ọ̀pá kan pé kí òun náà máa gbìyànjú. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àáfà, mi ò lọ mọ́. Mo gbá a bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, koríko ni mò ń hú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ju ọ̀pá náà sínú igbó, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀."

A kò bá a wí. A kàn bi í léèrè pé, "Nígbà tí bàbá rẹ mú ọ wá síbí, ọjọ́ mélòó ni o fi mọ ìyàtọ̀ láàrin bá àti tá?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, ó lé ní oṣù kan. Wàláà mi kì í gbẹ fún omijé."

"Ǹjẹ́ o ju wàláà náà sínú igbó?"

Ó dákẹ́.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a ní kí ó lọ wá ọ̀pá rẹ̀ jáde, kí ó sì fi eré náà hàn wá. Àwa tí à ń kọ́ ọ ní kéwú wá di ọmọ kéwú lọ́wọ́ rẹ̀. A gbé ọ̀pá sókè, a fi tagbáratagbára gbá a: afẹ́fẹ́ ni a gbá. Bọ́ọ̀lù jókòó síbẹ̀, ó ń wò wá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, Àáfà, ọwọ́ yín le jù. Ẹ rọra dì í mú." Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ronú lórí ẹ̀kọ́ márùn-ún wọ̀nyí.

Ẹ̀kọ́ Kìíní: Kí á gbà pé olùbẹ̀rẹ̀ ni wá

Pápá gọ́ọ̀fù tí ó pé máa ń ní ihò 18. Ihò kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ínṣì 4.25 lọ, ó sì lè jìnnà débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ní ọ̀pọ̀ pápá, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ni a retí pé kí ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà 72 kí ó tó parí ihò méjèèjìdínlógún. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ni ó borí.

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ ṣàánú olùbẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2020 ni ètò kan ti wà fún gbogbo àgbáyé, tí ó gbà kí á bu nǹkan bí 54 fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá. Bí a bá pín in fún ihò 18, mẹ́ta-mẹ́ta ni fún ihò kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tí ó ṣe òfin bá mọ̀ pé olùbẹ̀rẹ̀ yóò ṣe àṣìṣe mẹ́ta lórí ihò kan, kí ló dé tí olùbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ṣe ẹyọ kan?

Ẹ̀kọ́ Kejì: Ẹ̀sọ̀ ju agbára lọ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò wúwo ju nǹkan bí gírámù 46 lọ. Kò nílò agbára ẹni tí ń la igi. Ojú irin ọ̀pá náà dagun sẹ́yìn, òun ni yóò gbé bọ́ọ̀lù sókè bí a bá gbá a bí ó ti yẹ. Olùbẹ̀rẹ̀ tí ó bá fẹ́ fi ipá gbé e sókè ni ó máa ń hú koríko.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú 72 tí a wí lókè yìí, 36 ni wọ́n ṣírò fún rírọra ti bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú nítòsí ihò. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn! Síbẹ̀, èyí tí yóò fò lọ jìnnà, tí àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́ sí, ni gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ ń lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kéwú tí ó fẹ́ fò dé súrà gígùn nígbà tí kò tíì lè so bá pọ̀ mọ́ tá.

Ẹ̀kọ́ Kẹta: Ìbínú kò mọ ọ̀nà ihò

Ní ọdún 1921, Bobby Jones, ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 19, ń díje ní St Andrews ní Scotland. Nǹkan kò lọ déédéé fún un. Nígbà tí ó dé ihò kọkànlá ní ipele kẹta, inú bí i, ó ṣa bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó kúrò nínú ìdíje. Ó kábàámọ̀ ìwà náà. Ó padà sí pápá kan náà ní ọdún 1927, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ. Ní ọdún 1930, ó borí nínú ìdíje ńlá mẹ́rin láàrin ọdún kan ṣoṣo. Pápá kò yí padà. Ọkàn rẹ̀ ni ó yí padà.

Ẹ wo Tiger Woods pẹ̀lú. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje Masters ní ọdún 1997, ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà 40 lórí ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, èyí tí kò dára rárá. Kò jáde. Ó gbá mẹ́sàn-án tí ó kù ní 30, nígbà tí ìdíje sì parí, ó fi 12 ṣáájú ẹni kejì. Bọ́ọ̀lù tí a gbá ti lọ, èyí tí ó wà níwájú wa ni a lè tún ṣe.

Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Òótọ́ nígbà tí ojú ènìyàn kò tó wa

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ń gbá a ni ó ń jẹ́jọ́ ara rẹ̀. Bóyá ìwọ nìkan ni o wà lẹ́yìn igi, tí o lè fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù síbi tí ó dára. Ní ọdún 1925, nínú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà, Jones kan náà sọ pé bọ́ọ̀lù òun mì kí òun tó gbá a. Àwọn ẹlòmíràn kò rí i. Ó fi ẹyọ kan kún iye ara rẹ̀. Nígbà tí ìdíje parí, òun àti Willie Macfarlane ṣe ọgbọọgba, Macfarlane sì borí nígbà tí wọ́n tún un gbá. Ẹyọ kan yẹn ni kò jẹ́ kí Jones gba ife ọdún náà, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń rántí rẹ̀ títí di òní.

Ibí yìí náà ni kí á ti ṣọ́ra fún tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó sí i kí eré lè dùn, ẹ sọ pé ó ti dùn tó. Eré náà sì lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tí ń lọ ṣírò àkókò ìrun rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Ẹ̀kọ́ Karùn-ún: Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni kí á fi bẹ̀rẹ̀

Òfin gbà kí á ní ọ̀pá 14 nínú àpò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ẹyọ kan. Seve Ballesteros, ọmọ àgbẹ̀ ní abúlé Pedreña ní Sípéènì, kádì ni òun náà. Ògbólógbòó ọ̀pá onírin kan ṣoṣo ni ó fi ń kọ́ṣẹ́ lórí iyanrìn etí òkun. Ní ọdún 1979, ó gba ìdíje Open ti Bìrìtìkó nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22.

Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni ohun rere ti ń bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà níbí ni Sandy Lyle, ọmọ Scotland, ti kọ́kọ́ borí lẹ́yìn tí ó sọ eré náà di iṣẹ́: Nigerian Open ti ọdún 1978 ni. Ó wá gba Open ní ọdún 1985 àti Masters ní ọdún 1988.

Ìparí

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tíì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó ṣì ń hú koríko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó padà sí pápá, kò sì ju ọ̀pá mọ́. Ní ilé-kéwú pàápàá, a rí i tí ó jókòó ti ọmọ kékeré kan tí ń sunkún lórí wàláà, ó ń sọ fún un pé, "Rọra, tún un kà." Ọ̀rọ̀ yẹn ju ife-ẹ̀yẹ lọ lójú wa. Iṣẹ́ yòówù kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀ wíwà, aṣọ rírán tàbí ẹ̀kọ́ ìṣirò, irú ọkàn yìí ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Iṣẹ́ wo ni o ti pa tì nítorí pé wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín? Ǹjẹ́ o lè padà sí i?
2. Kí ni ohun kékeré tí ó jẹ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ, tí o kì í fẹ́ fi ara balẹ̀ kọ́?
3. Bí ìwọ bá ni Jones ní ọdún 1925, kí ni ìwọ ìbá ṣe?