Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ìwé Ìlú?

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wà ní gbangba: ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsanwó àṣẹ, kó sì tún un ṣe. Ní 2003, ìgbìmọ̀ ìlú Munich ní Jámánì yan irú rẹ̀, Linux. Nígbà tó fi di 2013, kọ̀ǹpútà tó ń lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan ń ráhùn. Ní 2017, ìgbìmọ̀ dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows.

Ẹ̀kọ́ wa: owó tí a kò san fún olùtà, ká fi kọ́ òṣìṣẹ́. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ kó àkọsílẹ̀ owó ìsọ̀ wa sínú kọ̀ǹpútà, ẹ bi wọ́n: bí olùtà bá kógbá sílé, ta ni yóò ṣí i fún wa?