Kí Ẹ Tó Ra Fiat Tàbí Alfa Romeo Olówó Pọ́ọ́kú ní Elekahia

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo púpọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wá. Corolla tòkunbọ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti fi Fiat Punto tàbí Alfa Romeo 156 hàn yín lówó pọ́ọ́kú: ó ń dán, AC rẹ̀ ń tutù nini. Ẹ̀yin ará wa ní Elekahia, ní Port Harcourt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná kí ẹ tó sanwó.

Ọkọ̀ Ítálì kò burú. Punto gba àmì ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù lọ́dún 1995, Alfa 156 gbà á lọ́dún 1998. Àwọn tó mọ̀ wọ́n tún ṣe ni kò tó nǹkan níbí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ́ wọn kí Toyota tó gbòde. Ní ti Fiat, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ni wọ́n ń tò ní Kánò nígbà kan. Ẹ béèrè páàtì Corolla ní ọjà Ikoku, ẹ kò ní rìn jìnnà. Ẹ béèrè ti Alfa, ó lè di kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọjà Ladipo ní Èkó. Àwọn kan á ní òyìnbó Ítálì ti pẹ́ ní Port Harcourt, ti Agip àti ti Saipem. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ló gbé wọn wá, kì í ṣe páàtì mọ́tò.

Ohun tó ń pa ọkọ̀ wọ̀nyí jù ni timing belt. Rọ́bà eléyín ni, òun ló ń mú kí fáàfù máa ṣí, kó sì máa pa dé, lásìkò tí písítìnì ń lọ sókè sódò. Bó bá já lórí eré nínú ẹ́ńjìnì Twin Spark ti Alfa 156 àti 147, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, owó àtúnṣe á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ọkọ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí ní kìlómítà 120,000. Nígbà tó yá, wọ́n já a wálẹ̀ sí 60,000. Kì í sì í ṣe ìrìn nìkan ló ń gbó o, ooru àti ọjọ́ orí náà ń jẹ ẹ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní, “Ọ̀gá mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ ni,” ẹ béèrè rìsíìtì. Bí kò bá sí, ẹ kà á sí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kí ọkọ̀ náà tó rin ìrìn kankan, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì, tensioner tó ń mú un le, àti wọtapọ́ǹpù pọ̀, nítorí bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù ọ̀hún. Irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ wà tí wọ́n fi ń de camshaft, irin tó ń ṣí fáàfù, kó má yẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní àmì lásán lòun á fi ṣe é, ẹ gbọ́kọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Punto ẹlẹ́ńjìnì 1.2 onífáàfù mẹ́jọ ni mo lè fọwọ́ sí. Bí bẹ́líìtì tirẹ̀ bá já, ọkọ̀ á kú, ṣùgbọ́n fáàfù kì í sábà tẹ̀. Gasket orí ẹ́ńjìnì ni àrùn tirẹ̀. Alfa tí wọ́n kọ Selespeed sí, tí wọ́n ń pè ní ọ̀tòmátíìkì, ẹ sá fún un. Jíà ọlọ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀, pọ́ǹpù ló ń bá yín tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí pọ́ǹpù bá kú, jíà ò ní wọlé mọ́.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wo ọkọ̀. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ẹ̀kọ, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa wọnú ọ́ìlì. Bí wọ́n bá tan Alfa, tó kọ́kọ́ ń dún bí ọkọ̀ onídísù kó tó rọlẹ̀, variator, èyí tó ń tún àsìkò ṣíṣí fáàfù ṣe, ti ń gbó. Ẹ má kàn wà á yí pápá ìṣeré Yakubu Gowon ká. Ẹ gbé e gba Trans-Amadi lọ sí Slaughter, kí gosílò mú yín, kí ẹ sì máa wo góòjì ooru. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń gòkè tí fáànù kò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ dá ọkọ̀ padà.

Ẹ yẹ nọ́ńbà ṣáṣíìsì wò. ZFA ni ti Fiat fi ń bẹ̀rẹ̀, ZAR ni ti Alfa. Ó gbọ́dọ̀ bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, nítorí láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, òun ni ẹ ó fi máa ra páàtì tó bá ọkọ̀ yín mu gan-an.

Twin Spark máa ń mu ọ́ìlì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ kí ẹ wò ó. Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì pe ẹni tó máa fà á lọ. Ẹ má ní kẹ́ ẹ rọra wà á délé.