Ìgbà Wo Ni Mo Lè Tún Ta Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ìgbafẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ìkẹjà GRA ni mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò. Àwọn oníbàárà mi máa ń wọ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed lọ sí Barcelona tàbí Miami, kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Nígbà kòrónà, owó àwọn kan há sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, èmi ni wọ́n sì ń pè lóru. Bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí mo lè tún ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ láìkó èèyàn sínú ewu? Ṣé ọjọ́ tí ìjọba bá ti ṣí ọ̀nà náà ni?

Onítíkẹ́ẹ̀tì, Ìkẹjà GRA

ÌDÁHÙN

Onítíkẹ́ẹ̀tì wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ọ̀ràn tó dé. Ọjọ́ tí ìjọba ṣí ọ̀nà kọ́ o. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wádìí ni pé bí ẹnì kan bá ṣàìsàn lórí omi, níbo ni wọ́n máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà padà sílé? Bí ìdáhùn kò bá tíì sí fún méjèèjì, kò tíì yá.

Ẹ wo ọkọ̀ ìgbafẹ́ Diamond Princess ní oṣù Kejì ọdún 2020. Èèyàn 3,711 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n sé e mọ́ èbúté Yokohama ní Japan. Àwọn tó kó àrùn kòrónà lé ní 700. Lóṣù yẹn kan náà, ọkọ̀ Westerdam ń rìn kiri lójú òkun, ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn ń lé e dànù, títí Cambodia fi gbà á. Kì í ṣe àrùn nìkan ló ń dẹ́rù bani, àìrí ibi gúnlẹ̀ sí náà ń dẹ́rù bani.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ìbẹ̀rẹ̀ kan ò jọ kan. Ní oṣù Keje 2020, ọkọ̀ Roald Amundsen ti ń na omi Norway. Àrùn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò sì ti tú ká lọ sí ìlú wọn kí wọ́n tó gbọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, MSC Grandiosa gbéra ní Genoa ní Ítálì. Wọ́n yẹ gbogbo èèyàn wò kí wọ́n tó wọlé, ìdílé kan tó sì yà kúrò lẹ́yìn àwọn tí wọ́n jọ jáde ní Naples, wọn ò jẹ́ kí wọ́n padà wọ ọkọ̀. Amẹ́ríkà ní tiwọn dá ọkọ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2020. Celebrity Edge tó kọ́kọ́ padà gbé èrò níbẹ̀ kò gbéra títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2021, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èrò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àwa ará Èkó tún ní ìdí mìíràn láti dúró wádìí. Ẹnu ọ̀nà tiwa tún wà ṣáájú ti ọkọ̀. Pápákọ̀ Ìkẹjà ti ọ̀nà mọ́ bàálù òkè òkun láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2020, ó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án kó tó ṣí i. Ọ̀nà tó ṣí náà sì lè tún tì: ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 2021, Britain sọ pé ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé, tó sì ní ẹ̀tọ́ láti wọlé, gbọ́dọ̀ sé ara rẹ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì, kó sì san £2,285. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹ tún rántí físà. Ẹni tó ní físà Spain nìkan, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá fi tipátipá yà sí èbúté orílẹ̀-èdè tí físà náà kò kàn, ó lè máà ríbi sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé dáhùn:

Ṣé wọ́n ń yẹ èrò àti òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó wọlé?

Ṣé dókítà wà, ṣé yàrá wà fún ẹni tó bá ní láti dá wà?

Èbúté wo ló ti gbà láti gba aláìsàn wọn?

Bí ìrìn-àjò bá já, ọjọ́ mélòó ni owó yóò fi padà, ta ni yóò sì san owó bàálù ìpadàbọ̀?

Bí oníbàárà bá ti dàgbà, tàbí tó ní àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ má ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìjọba ti ṣí gbogbo ọ̀nà. Èrè tó bọ́ lọ́wọ́ yín lónìí ṣeé wá lọ́la, ẹni tó há sórí omi ń retí pé ẹ ti bá òun wádìí.