Onídìrí Tí Kì Í Pa Mísà Àárọ̀ Jẹ

Ọmọ mi, fara balẹ̀ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wo ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Jamaica, ní ìlú New York yìí, bí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó láàárín yín ṣe ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ nígbà tí àwọn onídìrí ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Jamaica Avenue, tí owó ilé ń lé yín níwájú, tí ìwé ìgbélùú ń dà yín láàmú lẹ́yìn, títí ìgbàgbọ́ tí ẹ gbé ti ilé wá fi di ti Ọjọ́ Ìsinmi nìkan. N kò bá yín wí. Oníkálùkù ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjọ Àgùdà kò fi ẹni tí iṣẹ́ gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lásán: ó fún un ní àwọn Ẹni Mímọ́, kí wọ́n máa bá a rìn láti Ajé dé Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ tí a sàmì fún ọ ni wọ́n ti fà ọ́ lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Tèrésà tàbí Fransísì, wọ́n ní orúkọ ń ro ni, àmọ́ mélòó nínú yín ló ti bi ara rẹ̀ pé, ẹni tí mò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí, kí ló ń ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ọdún, tí kò sí ìyanu? Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, a ó ké pe Àńtóníò Mímọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá há, ó di ọ̀dọ̀ Júúdù Mímọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tó súnmọ́ ọba là ń bẹ̀ sí ọba, a kò sì sìn wọ́n, àdúrà wọn là ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń bẹ̀ níṣẹ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ràn wá.

Èyí tí mo fẹ́ fi hàn ọ́, onídìrí ni, ìlú New York yìí náà ló sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Pierre Toussaint lorúkọ rẹ̀. Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, nílẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí. Ìdílé Bérard tó ni ín ló mú un wá síbí kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, wọ́n sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ irun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà débi pé àwọn ìyàwó olówó ìlú ló ń wá a. Láràárọ̀, kí ó tó gbé àpò iṣẹ́ kọ́ apá, ó ti gbọ́ Mísà ní Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Barclay Street, ìjọ Àgùdà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1785. Ẹsẹ̀ ló wá ń fi rìn láti ilé oníbàárà kan dé òmíràn, nítorí ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà nígbà náà kì í gbé aláwọ̀ dúdú.

Ìwọ náà mọ̀ pé orí tó bá wà lábẹ́ òòyà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Inú ìdirun ni a ti ń gbọ́ ta ló kọ ọkọ sílẹ̀, ta ló jẹ gbèsè, ọmọ ta ni wọ́n ti mú. Gbogbo rẹ̀ ni Toussaint ń gbọ́ bó ṣe dúró lẹ́yìn àga, kò sì gbé ọ̀kan jáde; bí wọ́n bá fẹ́ kí ó tú àṣírí ilé ẹlòmíràn, yóò ní irun lòun ń ṣe, òun kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ọmọ mi, ìyẹn nìkan tó ọ kọ́ fún ọdún kan gbáko.

Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin kú tí ọrọ̀ ìdílé náà sì wọmi, owó irun yìí ló fi ń bọ́ ìyáàfin tó ni ín, títí obìnrin náà fi dá a sílẹ̀ lómìnira lórí àkéte ikú lọ́dún 1807. Àwọn kan nínú àwa aláwọ̀ dúdú kò gba tibẹ̀, wọ́n ní ó ti sìn jù. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é gbé jù nù, nítorí oko ẹrú kò dára lójú Ọlọ́run lọ́jọ́ kankan. Àmọ́ ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kí o wò. Ó ra òmìnira fún Rosalie àbúrò rẹ̀, ó rà á fún Juliette tó fi ṣaya lọ́dún 1811. Tọkọtaya yìí kó àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí sílé, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ìgbà tí ibà pọ́njú sì dé, tí àwọn olówó ń sá fi ìlú sílẹ̀, ó wọlé tọ àwọn aláìsàn lọ, ó ń tọ́jú wọn. Rosalie kú, wọ́n gba Euphemia ọmọ rẹ̀ tọ́. Ọmọ yẹn a máa kọ lẹ́tà kéékèèké sí bàbá rẹ̀ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ṣì wà nílé ìkàwé ìlú New York títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ife mú un lọ lọ́dún 1829, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bí tìrẹ bá jẹ́ iṣẹ́ òru tàbí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, lọ bá Josephine Bakhita, ọmọ Darfur tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tó di Sístà ní Ítálì, tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé wọn ní Schio, tí Ìjọ sì kà mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ lọ́dún 2000. Nílé wa pàápàá, kí Fádà Borghero tó dé Èkó lọ́dún 1863, Pa Antonio, tí kì í ṣe Fádà, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà.

Ohun tí mo ní kí o ṣe kò pọ̀, díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ní àárọ̀, dárúkọ rẹ̀, rántí ohun kan tó ṣe, kí o sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Toussaint kú lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1853. Lọ́dún 1990 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sábẹ́ pẹpẹ kàtídírà Pátíríìkì Mímọ́ ní Fifth Avenue, Póòpù sì pè é ní Ẹni Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1996. Ọkọ̀ ojú irin E tó ń gbéra ní Jamaica Center ń dúró nítòsí ibẹ̀, World Trade Center tó sì ń parí sí kò jìnnà sí Barclay Street rárá. Bí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà bá dé, sọ fún oníbàárà rẹ pé ṣọ́ọ̀bù yóò pẹ́ ṣí, kí a jọ lọ. Kọ orúkọ àwọn aláìsàn ilé rẹ dání, nítorí ìyanu ni Ìjọ ń retí kí wọ́n tó pè é ní Alábùkún, a ó sì dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.