Ìjáde àti ìgbafẹ́ fún ẹni tó ń gbádùn lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Niamey

Àwọn kókó pàtàkì

• Ìrìn díẹ̀díẹ̀ máa ń dín àárẹ̀ tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń fà kù, ó sì ń ran oorun àti ọkàn aláìsàn lọ́wọ́.
• Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ooru máa ń mú jù ní Niamey. Ní ọ̀sán oṣù Kẹrin, ìgbóná ojú ọjọ́ sábà máa ń kọjá 40°C.
• Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àkókò tó dára jù fún ìjáde.
• Bí ara ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bá gbóná dé 38°C, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á sí ibà lásán.

Ìgbà tó yẹ láti jáde

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, oṣù Kẹta ni òtútù ń lọ, tí ewéko ń rúwé, tí àwọn aláìsàn sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde yá oòrùn. Irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà fún àwọn tó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní lọ́kàn. Ti Niamey yàtọ̀. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, pẹ̀lú òwúrọ̀ tútù àti eruku. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná, kí òjò tó dé ní oṣù Kẹfà.

Ewu ooru yìí kì í ṣe kékeré. Ní ìparí oṣù Kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2024, ooru àrà ọ̀tọ̀ mú ní agbègbè Sahel. Ní ìlú Kayes ní Mali, ìgbóná ojú ọjọ́ dé 48.5°C ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Inú oṣù Ramadan ni ó bọ́ sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbààwẹ̀ láìmu omi lójú ọ̀sán. Ara tí ìtọ́jú ti rẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé omi ti tán nínú òun, pàápàá bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wà.

Ìdí tí ìjáde fi ṣe pàtàkì

Kò yẹ kí ìbẹ̀rù ooru sọ aláìsàn di ẹlẹ́wọ̀n inú ilé. Ìjókòó gbọọrọ ń mú kí iṣan ara rọ, ó sì ń fi kún àárẹ̀. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí àwọn àgbàlagbà, títí kan àwọn tó ti la jẹjẹrẹ kọjá, máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, bí ara wọn bá gbà á. Ibi tí a ń lọ nìyẹn, kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí, méje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba ìtọ́jú ní Niamey. Zinder nìkan tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wọ̀ sílé ẹbí ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ lè máa ronú ju bó ti yẹ lọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìjókòó sábẹ́ igi létí Odò Ọya tàbí ìrìn jẹ́jẹ́ nínú ọgbà Musée National Boubou Hama, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1959, lè tu ọkàn lára.

Ìmúrasílẹ̀

• Bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì léèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti lọ sílẹ̀. Ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn gbígba oògùn. Lásìkò yìí, yẹra fún ọjà, ibi ayẹyẹ àti ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́.
• Jáde kí oòrùn tó mú, kí o sì padà sílé ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti ògiri lè ṣì máa tú ooru jáde.
• Wọ aṣọ fífẹ̀ tó bo apá àti ẹsẹ̀, dé akẹtẹ̀ tàbí kí o mú agbòòrùn dání. Awọ ara tó gba ìtọ́jú onítànṣán kò gbọ́dọ̀ rí oòrùn. Àwọn oògùn bíi fluorouracil àti methotrexate náà máa ń mú kí oòrùn tètè jó awọ ara.
• Wọ bàtà tó bo ọmọ ìka. Àwọn oògùn kan máa ń pa ẹsẹ̀ kú tipiri, ènìyàn lè fara pa láìmọ̀.
• Mú omi mímọ́ dání, kí o máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Ẹni tí dókítà ní kí ó dín omi kù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àṣẹ náà.
• Bí eruku bá pọ̀, lo ìbòmú tàbí kí o dúró sílé.
• Má ṣe wọ inú odò. Kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lè wà nínú omi.
• Yẹra fún wàrà tí a kò sè àti ewébẹ̀ tútù tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà. Yan oúnjẹ gbígbóná tàbí èso tí o fọwọ́ ara rẹ bó.
• Ẹni tí wọ́n ti yọ kókó abẹ́ abíyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bo apá ìhà náà lọ́wọ́ ọgbẹ́ àti ẹ̀fọn.

Ìgbà tó yẹ láti dúró

Bí òòyì bá kọ́ ọ, tí àyà ń dùn ọ́, tí èémí ń ṣe sákálá tàbí tí àyà ń lù kìkì, jókòó síbi òjìji, mu omi, kí o sì ní kí wọ́n wá ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà, má ṣe dá nìkan jáde ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ibà tí kì í ṣe ibà

Ní Niamey, bí ara bá gbóná, ibà ẹ̀fọn ni ọ̀pọ̀ ń rò, wọn a sì ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Fún ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ìdúró ọjọ́ kan lè gba ẹ̀mí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ funfun bá kéré, kòkòrò lè gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Fi òṣùwọ̀n wo ìgbóná ara kí o tó lo parasitamọ́ọ̀lù, nítorí pé ó lè bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá dé 38°C, tàbí tí ara ń gbọ̀n, lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ní ọ̀sán tàbí ní òru.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera

Fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó sọ irú ìtọ́jú tó ń gbà, ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn àti nọ́ńbà tẹlifóònù ilé ìwòsàn. Bí ó bá dé pẹ̀lú ara gbígbóná, ṣe àyẹ̀wò ibà, ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí rẹ̀ dá oògùn apakòkòrò dúró. Ó yẹ kí ó gbà á láàárín wákàtí kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá bọ́ sí oṣù ààwẹ̀, bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù fàyè gba aláìsàn láti má gbààwẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà àti ààfáà pa pọ̀.

Ní ìparí, bi í ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù: ìgbà wo ni o jáde kẹ́yìn? Ìdáhùn rẹ̀ lè fi hàn bí ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe sí.